Ọkọ̀ Tí Kò Sí Lọ́jà: Ọgbọ́n Ńlá Tí Ó Wà Nínú Ọkọ̀ Kékeré Àfọwọ́ṣe

Bí àgbàlagbà bá rí ọmọdé ní ìdí ààtàn, tí ó ń ṣa agolo mílíìkì, ìdérí ìgò àti sílípáàsì tí ó ti já, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, 'Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí ìwé tí o lè kà ni?' Bí orí bá bá ọmọ náà ṣe é tí wọn kò gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi fi ìṣó lu ihò sí i lára, tí yóò ki wáyà bọ inú rẹ̀, tí yóò fi sílípáàsì gé táyà mẹ́rin, tí yóò so okùn mọ́ ọn nímú, tí yóò sì máa wọ́ ọ kiri àdúgbò. Lójú tirẹ̀, mọ́tò ni. Lójú tiwa, pàǹtí ni. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni pé, nínú àwa àti ọmọ náà, ta ni ó ríran jù?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lásán ni a fẹ́ fi gba àyè nínú ìwé ìròyìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, àgbàlagbà tí ó ti bímọ, tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ni ó ń jókòó ti tábìlì lálaalẹ́ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe irú ọkọ̀ tí a ń rí ní títì. Àwọn kan ń ṣe ọkọ̀ tí kò sí níbì kankan láyé: ọkọ̀ tí akoto ológun jẹ́ òrùlé rẹ̀, ọkọ̀ tí ó rí bí pósí, ọkọ̀ tí ó ń fò bí ẹyẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ pa ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ náà ṣe ẹ̀rín. Òfin wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ sì ti ti inú rẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

ÒFIN KAN ṢOṢO

Ọkọ̀ àwòṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mọ́dẹ́ẹ̀lì, yàtọ̀ sí ọkọ̀ ìṣeré. Táyà ọkọ̀ ìṣeré lè tóbi ju òrùlé rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì lè jẹ́ àwòrán tí wọ́n kàn fi ọ̀dà yà sí i lára. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwòṣe ní òfin kan tí kò gbọdọ̀ rú: ìwọ̀n kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi dín gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ kù. Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n ń kọ báyìí: 1/24, èkejì rẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba ni 1/25.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi, sẹ̀ǹtímítà 1 péré ni yóò jẹ́ lára ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ tí ó gùn ní mítà 4.8 yóò di sẹ̀ǹtímítà 20. Ọkùnrin tí ó ga ní mítà 1.8 yóò di sẹ̀ǹtímítà 7.5, bí ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà. Ọkùnrin kúkúrú yìí ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Bí kò bá lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tó búréèkì, bí orí rẹ̀ bá ń gbá òrùlé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀dà yòówù tí a ìbáà fi kùn ún.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé kí a ra páálí ẹ̀yà, tí wọ́n ń pè ní kíìtì. Gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ ni ó wà nínú páálí náà, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ike bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka igi. Ìwé ìtọ́nà á sì máa sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ já àti ibi tí a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá lè tẹ̀ lé ìwé náà yóò ní ọkọ̀ tí ó jọ ti ẹlòmíràn gẹ́lẹ́.

Èkejì ni àfọwọ́ṣe láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe èyí kò ra ẹ̀yà kankan. Ike pẹlẹbẹ, igi, wáyà, páálí àti agolo ni ó ń gé, tí ó ń tẹ̀, tí ó ń lẹ̀ pọ̀ títí yóò fi di ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ó pè ní àṣàjọ, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kitbashing. Ẹni tí ó ń ṣe àṣàjọ yóò mú ẹ́ńjìnnì láti inú páálí ọkọ̀ eré ìje, yóò mú táyà láti inú páálí katakata, yóò mú ìyẹ́ láti inú páálí bàálù, yóò sì pa gbogbo wọn pọ̀ di ohun kan tí kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, nítorí pé kò sí ìwé ìtọ́nà fún wọn. Ẹni tí ó ń ṣe é ni yóò ronú ohun gbogbo fúnra rẹ̀.

LÁTI ṢÍLÈ MÉJÌ DÉ ÀPÓTÍ ÀJẸṢẸ́KÙ

Ní 1936 ni ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Frog kọ́kọ́ gbé páálí ẹ̀yà onílíke jáde. Bàálù kéékèèké ní ìwọ̀n 1/72 ni wọ́n, wọ́n sì sọ wọ́n ní Penguin, orúkọ ẹyẹ tí ó ní ìyẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í fò. Ọkùnrin ará Hungary kan, Nicholas Kove, dá ilé-iṣẹ́ Airfix sílẹ̀ ní 1939. Ní 1949, iṣẹ́ kan dé ọwọ́ wọn: kí wọ́n ṣe katakata Ferguson ní kékeré fún àwọn tí ń polówó katakata náà káàkiri. Nígbà tí ó di 1952, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan jáde, Golden Hind, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń tà ní ṣílè méjì ní ṣọ́ọ̀bù Woolworths. Owó táṣẹ́rẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ọmọ òṣìṣẹ́ lásán lè rà á.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ṣe ọkọ̀ onílíke kéékèèké ní ìwọ̀n 1/25 fún àwọn oníṣòwò wọn láti fi polówó ọjà tuntun ọdún náà. Láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ AMT ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta páálí ẹ̀yà. Ní 1958, wọ́n mú àrà kan jáde tí ó yí nǹkan padà: páálí kan tí ènìyàn lè fi ṣe ọkọ̀ kan ní ọ̀nà mẹ́ta, yálà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, tàbí bí àwọn ológe ṣe máa ń tún tiwọn ṣe, tàbí ní ti eré ìje. Ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tí ọmọ bá ti yan ọ̀nà kan, ẹ̀yà ọ̀nà méjì yòókù á ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Kí ni kí ó fi wọ́n ṣe? Ó sọ wọ́n sínú páálí bàtà. Bí ó ti ń ra òmíràn, àpótí àjẹṣẹ́kù ń kún sí i. Nígbà tí ó yá, kò nílò ìwé ìtọ́nà mọ́. Ó wo inú àpótí, ó rí ọkọ̀ tí kò tí ì sí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ERÉ NI WỌ́N FI BẸ̀RẸ̀

Ní ìpínlẹ̀ California, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ed Roth parí ọkọ̀ ńlá kan ní 1961, ó pè é ní Beatnik Bandit. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ike tí a lè rí inú rẹ̀, ó rí roboto bí ìlàjì igbá. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó sì fi ṣe sítíárìn. Ilé-iṣẹ́ Revell sọ irú àrà bẹ́ẹ̀ di páálí ẹ̀yà, àwọn ọmọdé sì ń rà á wìtìwìtì. Ọkọ̀ gidi ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí ti kékeré tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ní apá ìparí àwọn ọdún 1960 náà, nǹkan dorí kodò. Ayàwòrán kan, Tom Daniel, ya ọkọ̀ kan fún ilé-iṣẹ́ Monogram, wọ́n sì gbé e jáde ní ìwọ̀n 1/24. Red Baron ni orúkọ rẹ̀. Akoto àwọn ọmọ ogun Jámánì ni òrùlé rẹ̀, ìbọn méjì sì wà lórí rẹ̀ bí ti bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọkọ̀ gidi kankan kò sí tí ó jọ ọ́. Ọjà náà tà débi pé àwọn kan lọ ṣe ọkọ̀ gidi láti ara ti kékeré, wọ́n sì ń gbé e kiri ibi ìpàtẹ ọkọ̀. Ohun tí a ṣe láti fi rẹ́rìn-ín lórí tábìlì ni ó di irin tí ènìyàn lè wọ̀. Tom Daniel kan náà ni ó ya ọkọ̀ tí ìdílé àwọn àǹjọ̀nnú ń gùn nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Munsters ní 1964. Ara Ford Model T mẹ́ta ni George Barris àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi kan ọkọ̀ náà. Àṣàjọ náà nìyẹn, àfi pé ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi ṣe é.

OHUN ÌFÚN ỌSÀN LÁRA ÒGIRI

Kò sí ibi tí ọgbọ́n àṣàjọ ti hàn sí gbogbo ayé tó nínú sinimá. Láàárín 1965 sí 1966, eré Thunderbirds tí Gerry àti Sylvia Anderson ṣe wà lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọláńgidi ni gbogbo òṣèré rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ni ó sì gba iwájú nínú eré náà. Ọkùnrin tí ń jẹ́ Derek Meddings ni olórí àwọn tí ń ṣe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹ̀yà inú páálí Airfix àti ohun èlò ilé ìdáná ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ wọn lára. Títí di òní, ẹni tí ó bá lajú dáadáa yóò rí ohun ìfún ọsàn wẹ́wẹ́, irú èyí tí ó wà ní ilé ìdáná wọn, lára ògiri ibi tí Thunderbird 1 ti ń gbéra. Àìmọye ọmọdé ni ó wo ògiri náà, tí wọ́n rò pé ẹ̀rọ ńlá ni.

Lẹ́yìn náà ni ti Star Wars. Ní 1975, George Lucas kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Van Nuys, ní California, láti ṣe àwọn ọkọ̀ inú fíìmù náà. Àwọn tí ń ṣe àwòṣe ra páálí ẹ̀yà ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ eré ìje àti ọkọ̀ ojú omi jọ rẹpẹtẹ, wọ́n tú wọn, wọ́n sì ń lẹ àwọn ẹ̀yà tíńtìntín náà mọ́ ara ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò le. Bí ojú bá rí ara tí ó dán borokoto, yóò mọ̀ pé ohun kékeré ni. Bí ó bá rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù, ihò àti ìdérí wẹ́wẹ́, yóò gbà pé ohun ńlá ni, nítorí pé ohun ńlá ni a máa ń bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára.

Ẹni tí ó bá wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, tí ó jáde ní 1977, yóò rántí ọkọ̀ kékeré kan tí ó ń sá àti ọkọ̀ gàgàrà kan tí ó ń lé e, tí ó ń kọjá lókè orí wa tí kò fẹ́ tán mọ́. Àwòṣe gàgàrà tí ó ń léni yẹn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ ní gígùn. Àwòṣe èyí tí ó ń sá ni ó tóbi jù. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ kámẹ́rà ni wọ́n fi yí wa lójú. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Oscar ní 1978, Grant McCune, olórí àwọn tí ó ṣe àwòṣe, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ó ń lẹ ike mọ́ ike ni wọ́n pè sórí pèpéle.

ÀWA NÁÀ TI Ń ṢE É

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ọgbọ́n Òyìnbó ni èyí, kí ó rántí bọ́lẹ̀kájà. Láti òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ Bedford ti wá. Àwọn káfíńtà wa ni ó fi pákó kan ilé lé e lórí, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i, tí àwọn akọ̀wé-ọkọ̀ sì kọ òwe sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó rántí mólúè pẹ̀lú, tí ó gbé àwọn ará Èkó lọ sí ibi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn wẹ́dà wa ni ó jó irin pọ̀ tí wọ́n fi ṣe ilé rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tí ó ṣe mólúè rí. Àṣàjọ pọ́ńbélé ni. Wẹ́dà tí ó ṣe mólúè àti ọmọ tí ó ń lu agolo, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó fún ọmọ náà kò ju ìwọ̀n lọ, àti àgbà tí yóò fi í hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí a ṣe lè fi í hàn án.

KÁ ṢE ỌKỌ̀ ÌJÀPÁ

Ká ní a fẹ́ ṣe ọkọ̀ tí Ìjàpá ọkọ Yánníbo yóò máa gùn lọ sóko. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe gọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ. Ìtàn ni. Ta ni yóò wa ọkọ̀ náà? Kí ni yóò máa kó? Irú ọ̀nà wo ni yóò máa tọ̀? Ìjàpá fẹ́ràn oúnjẹ, nítorí náà ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba iṣu. Ó fẹ́ràn láti sá pamọ́, nítorí náà ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fa orí wọlé. Ẹ̀fẹ̀ tí kò bá ní ìdí kì í dùn lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kejì ni ìwọ̀n. A mú ìwọ̀n 1/24. Ìlàjì igbá kékeré tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 18 ni a ó fi ṣe ẹ̀yìn ahun. Bí a bá fi 24 sọ 18 di púpọ̀, a ó rí 432: ọkọ̀ tí ó gùn ní mítà 4 lé díẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ níwọ̀n. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3; ní ìwọ̀n yìí, ó di táyà tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 72, èyí tí ó dára fún ọkọ̀ oko. Agolo mílíìkì kékeré ńkọ́, ṣé a lè fi í ṣe ẹ́ńjìnnì? Ó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Bí a bá fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 44. Ẹ́ńjìnnì tí ó ga tó ọmọ ọdún mọ́kànlá kò yẹ ọkọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún wo agolo náà, a ó rí i pé àgbá ọkọ̀ epo ni, kò sí àtúnṣe kankan tí a ó ṣe sí i. A gbé e sínú àpótí àjẹṣẹ́kù de ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ yẹn, kò sì mọ̀ pé òun wà ní kíláàsì.

Kí a tó gé ohun gidi, a ó kọ́kọ́ fi páálí bisikíìtì gé gbogbo ẹ̀yà, a ó fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ láti wò ó bóyá wọ́n bára mu. A ó gbẹ́ igi tàbí pòròpórò ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, òun ni ènìyàn ìdánwò. Bí ó bá jókòó tí orí rẹ̀ kò gbá igbá, a lè tẹ̀ síwájú. Ike pẹlẹbẹ ni a ó fi ṣe ilẹ̀ ọkọ̀. Kì í ṣe pé kí a fi tipátipá gé ike ní àgékù: a ó gbé rúlà lé e, a ó fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì ṣẹ́ ẹ níbi ìlà náà.

Fún ẹsẹ̀ ọkọ̀, a ó lẹ ọ̀pá bírò tí tádàwà rẹ̀ ti tán mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ní ìbú, a ó ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ bọ inú rẹ̀, a ó sì fi ìdérí ìgò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Sípóòkù yóò máa yí nínú bírò láìsí wàhálà. Orí Ìjàpá ni bọ́nẹ́ẹ̀tì: páálí ìṣáná ni a ó fi ṣe é, nítorí pé àpótí inú rẹ̀ ń wọlé, ó sì ń jáde. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí, orí á wọlé! Ẹ́ńjìnnì ti kúrò níwájú nìyẹn, ẹ̀yìn ni yóò wà: igi kékeré kan, ìdérí ọṣẹ ìfọyín tí yóò dúró fún ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ọ̀pá tádàwà tí a tẹ̀ bíi sàlẹ́ńsà.

Ìlànà kan wà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí kì í fi ṣeré: gbogbo ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ọmọ bá fi páìpù kan sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ bi í pé ibo ni ó ti wá, ibo ni ó sì ń lọ. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó yọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi pọ́tì dí gbogbo ojú tí kò pàdé, bí panẹ́bítà ṣe ń ṣe, a ó sì fi sáńpépà dán an. Ibi tí idán wà ni ọ̀dà àkọ́kùn. Títí di ìgbà yìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá wo ọkọ̀ náà yóò máa rí igbá, yóò rí bírò, yóò rí ìdérí ọṣẹ ìfọyín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo kun gbogbo rẹ̀, ojú kò ní í rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ni yóò rí. Lórí ọ̀dà yìí ni a ó ti wá kun àwọ̀ tí ó wù wá. Bí ó bá gbẹ, a ó po ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó fi nù ún lára, a ó sì fi àkísà nù ún kúrò. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù sínú kọ̀rọ̀ ni yóò dà bí ìdọ̀tí ojú ọ̀nà. Erùpẹ̀ pupa tí a lọ̀ kúnná, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kéré fọ́n sí ara táyà, yóò parí rẹ̀. Ọkọ̀ Ìjàpá ti oko dé.

Ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Etí agolo tí a gé mú ju abẹ lọ. Kí a fi ìrin tẹ ẹ́ wọlé tàbí kí a fi fáìlì rin ín. Àgbà ni kí ó máa di ọ̀bẹ mú fún ọmọ kékeré. Gọ́ọ̀mù tí ń yọ́ ike àti ọ̀dà alátẹ́ń-ín-sí ní òórùn tí ó lè pa ènìyàn lára. Ìta gbangba tàbí ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ ni kí a ti lò ó, kí ó sì jìnnà sí iná.

IBI TÍ Ó LÈ GBÉ ỌMỌ DÉ

Òbí yóò fẹ́ béèrè pé èrè wo ni ó wà níbẹ̀. Ní 1930, Fisher Body, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà, dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, tí wọ́n pè ní Fisher Body Craftsman's Guild. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kékeré tí ó jọ ti àwọn ọba ayé àtijọ́ ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí kálukú ya ọkọ̀ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ ní ìwọ̀n 1/12. Owó ilé-ìwé gíga ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Chuck Jordan gba ipò kìíní ní 1947. Ilé-iṣẹ́ náà gbà á síṣẹ́, nígbà tí ó sì di 1986, òun ni igbákejì ààrẹ General Motors tí ó wà fún yíyàwòrán ọkọ̀. Ìdíje náà dópin ní 1968, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ tí ó ń gbẹ́ igi lónìí ni ọkọ̀ ọ̀la wà.

Ẹ má sì ṣe sọ pé ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Jelani Aliyu, tí a bí ní 1966, dàgbà ní Ṣókótó. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń yàwòrán ọkọ̀ àti bàálù, ó sì máa ń ṣe àwòṣe wọn ní kékeré, tinú tòde. Ó kàwé ní Pólì Birnin Kebbi, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ yíyàwòrán ọkọ̀ ní ìlú Detroit, níbi tí ó ti gboyè jáde ní 1994. Lọ́dọ̀ General Motors, òun ni ó ya ìrísí ìta ọkọ̀ oníná mànàmáná tí wọ́n pè ní Chevrolet Volt, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní 2007, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2010. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí yíyàwòrán àti ìdàgbàsókè ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí ẹni kan bá ti da àwọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sí ààtàn ní Ṣókótó ní àkókò náà, ta ni ì bá mọ ohun tí a pàdánù?

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó bá ń wọ́ agolo ni yóò dé Detroit. Púpọ̀ nínú wọn yóò di káfíńtà, wẹ́dà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó rí i pé kò bára mu, tí ó tú u, tí ó sì tún un ṣe, ti kọ́ ohun tí ìwé àkọ́sórí kò lè kọ́ ọ. Kí a má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin nìkan o. Ìṣirò kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá tún bá ọmọ yín pẹ̀lú agolo, ẹ má ṣe tí ì pariwo. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Báwo ni awakọ̀ rẹ ṣe ga tó? Ibo ni ó ń gbà wọlé? Kí ni páìpù yìí ń ṣe? Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bá a wá rúlà. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ bá a wá rúlà náà.